Ìrìn-àjò Fọ́tò Tí Ìjì Helene Dà Rú

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ni ó yẹ kí àwa mẹ́ta gbéra lọ sí àwọn òkè Blue Ridge ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, láti lọ ya fọ́tò àwọn ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tó ń já láti orí àpáta níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé ṣáájú ọjọ́ náà ni ìjì Helene gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni bí ètò wa ṣe dà rú, àwọn ìpinnu tí a ṣe ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé, èyí tí a ṣe dáadáa àti èyí tí a ṣì ṣe, títí di ìgbà tí a wá fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọ̀ràn náà dé bá wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bèèrè lójoojúmọ́, ìyẹn ni pé ṣé ọ̀nà ti ṣí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni kò tọ́.

Ọjọ́ orí wa kò dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù láàárín wa ti lé ní ogún ọdún nídìí kámẹ́rà, wọ́n sì ti ya igbó àti odò débi tí wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ibi ìdúró hàn wọ́n mọ́. Àbúrò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra drone ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé kámẹ́rà fò lójú òfuurufú, ó ń wá ibi tí yóò ti dán an wò. Èmi ni mo wà láàárín, èmi náà ni mo sì ń ṣètò ilé tí a máa sùn, ọ̀nà tí a máa gbà àti aago tí a gbọ́dọ̀ dé ibì kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kẹwàá ni a mú nítorí pé ìgbà yẹn ni ewé igi ń pàwọ̀ dà níbẹ̀. Orí òkè gíga ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí oṣù yóò fi parí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kí òun gun òkè àti ìgbà tó yẹ kí òun sọ̀ lè máa bá ewé pupa pàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Òpómúléró ètò wa ni Blue Ridge Parkway, ọ̀nà orí òkè tó gùn ní máìlì 469, tó so ọgbà ìjọba Shenandoah ní Virginia pọ̀ mọ́ Great Smoky Mountains ní ààlà North Carolina àti Tennessee. Òpó máìlì ni wọ́n fi ń júwe gbogbo ibi tó wà lórí rẹ̀. Linville Falls wà ní máìlì 316, níbi tí odò Linville ti ń já sínú àfonífojì jíjìn. Crabtree Falls, tó ga ní nǹkan bí 70 ẹsẹ̀ bàtà, wà ní máìlì 339. Graveyard Fields wà ní máìlì 418. Láti ibẹ̀ ni a ó ti sọ̀ kalẹ̀ gba títì US 276 lọ sí Looking Glass Falls, èyí tó ga ní 60 ẹsẹ̀ bàtà, tó sì súnmọ́ títì débi pé ènìyàn lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa wò ó.

Mo ní ìwé kan tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sí. Linville nìkan gba ojú ewé mẹ́ta: ibi tí oòrùn máa ń yọ sí, òkúta tí mo fẹ́ kó wà ní iwájú fọ́tò, ẹ̀ka igi tó máa ń bo apá òsì bí a bá dúró sí Erwins View, àti ìwọ̀n àsìkò tí ojú kámẹ́rà yóò fi là kí omi lè rí bí òwú tí wọ́n ń ran. Fọ́tò àwọn ẹlòmíràn ni mo ti ṣa ọ̀pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí. Mo gbára lé ìwé náà ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ó dá mi lójú pé àpáta kì í ṣípò.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, Helene gúnlẹ̀ sí Florida, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Big Bend, pẹ̀lú ẹ̀fúùfù tó ń sáré tó máìlì 140 ní wákàtí kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì ni ibẹ̀ fi jìnnà sí àwọn òkè tí à ń sọ yìí, mo sì rò pé agbára rẹ̀ yóò ti tán kí ó tó débẹ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀fúùfù ìjì a máa rọlẹ̀ bó bá ti wọ orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n òjò tó rù ṣì wà lórí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin bá kọ lu òkè, kò rí ibòmíràn gbà ju kó máa gun òkè náà lọ. Bó ṣe ń gùn ún ni ó ń tutù, bó sì ṣe ń tutù ni ó ń tú omi inú rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìjì náà kò tilẹ̀ tíì dé nígbà tí òjò mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ rọ̀ sórí àwọn òkè wọ̀nyí, tí ilẹ̀ ti mu omi yó. Ní Busick, nítòsí Mount Mitchell tó jẹ́ òkè tó ga jù lọ ní ìlà-oòrùn odò Mississippi, òjò ọjọ́ mẹ́ta péré lé ní 30 ínǹṣì.

Inú àfonífojì tóóró ni gbogbo omi yìí wọ́ sí. Iyẹ̀pẹ̀ tó bo àpáta níbẹ̀ kò nípọn, bí omi bá sì ti ráyè wọ àárín àwọn méjèèjì, ńṣe ni ẹ̀gbẹ́ òkè máa ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ tigitigi, tòkúta-tòkúta. Ibi tí ilẹ̀ ti ya báyìí, tí àwọn onímọ̀ ìjọba rí kà lẹ́yìn náà, lé ní 2,000. Ní Asheville, odò French Broad kún dé 24.67 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì borí ìkún omi ọdún 1916 tí wọ́n ti ń fi ṣe òdiwọ̀n láti ọdún 108 sẹ́yìn. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú ní North Carolina nìkan. Àwọn àgbà a máa sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, onílé kò rí ẹnu fi kọ̀.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ 27 ni a ti ń pe màmá tí a fẹ́ dé sí ilé wọn. Ilé náà wà lẹ́bàá odò kékeré kan, kò jìnnà sí ìlú Spruce Pine. Fóònù wọn kò wọlé, nítorí pé iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ káàkiri agbègbè náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọn tó dé, gbólóhùn mẹ́ta péré ni: àwọn wà láàyè, afárá tó wọ ilé àwọn ti bómi lọ, kí a jọ̀ọ́ má wá. (Spruce Pine yìí kan náà ni wọ́n ti ń wa òkúta quartz tó mọ́ jù lọ, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò tí wọ́n ń yọ́ silicon nínú rẹ̀, silicon yìí sì ni wọ́n fi ń ṣe ojú inú kámẹ́rà. Ìjì náà dá iṣẹ́ ìwakùsà ibẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti fi ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ń kò mọ̀ pé mo ti ń ná ọjà ìlú yẹn.)

Ká tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29, àbúrò wa ní: "Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ló máa fẹ́ rí bí ibẹ̀ ṣe rí, drone mi á sì jẹ́ kí wọ́n rí i dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé: "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Òun kò dáhùn, èmi náà kò sì sọ nǹkan kan. Lójú tèmi, ẹ̀bi àbúrò wa kò pọ̀ tó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún létí. Fọ́tò ibi tí àjálù ti ṣẹlẹ̀ wúlò. Òun ni ó máa ń jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ dé. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìyẹn, àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú sì ní fóònù lọ́wọ́. Ní ti drone, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ yẹ kó dé àríyànjiyàn. Láti ọdún 2014 ni àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìjọba ní Amẹ́ríkà ti ka fífò rẹ̀ léèwọ̀ lórí ilẹ̀ wọn, Parkway sì jẹ́ ọ̀kan nínú ilẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí èyí, hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi ń kó oúnjẹ lọ bá àwọn tí ọ̀nà gé mọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń lo ìbaaka gun ibi tí ọkọ̀ kò lè dé. Drone kan ṣoṣo tó bá ṣìnà sí ojú òfuurufú yẹn tó láti mú kí hẹlikọ́pítà kan balẹ̀ láìjẹ́ iṣẹ́ tó gbé e gbéra.

Èmi ní tèmi, máàpù ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí títì ni mo fẹjú mọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n kọ ni pé kí gbogbo ènìyàn ka ọ̀nà gbogbo ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà sí èyí tó ti dí. Lẹ́yìn ìyẹn, àmì pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lórí máàpù, ìlà kan lónìí, ìlà méjì lọ́la, inú mi a sì máa dùn bí ẹni tó ń wo èsùsú tó ń ṣẹ́jọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, mo pe Ẹ̀gbọ́n, mo ní ó jọ pé a lè gba ẹ̀yìn wọ apá gúúsù, kí a fi Linville sílẹ̀, kí a kàn ya Looking Glass nìkan.

Wọ́n bi mí léèrè ibi tí a máa sùn. Mo ní hòtẹ́ẹ̀lì wà. Wọ́n ní àwọn tó ń tún iná ṣe ńkọ́, àti àwọn tí ilé wọn wó, níbo ni wọ́n ń sùn? Wọ́n bi mí nípa epo ọkọ̀, wọ́n bi mí nípa omi mímu. Ọ̀rọ̀ omi yìí ló pa mí lẹ́nu mọ́, nítorí pé omi ẹ̀rọ kò ṣeé mu ní Asheville nígbà náà; ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni àwọn aláṣẹ tó wá kéde pé ó ti ṣeé mu padà. Bí a bá lọ, inú ohun tí kò tó àwọn tó ni ín ni a ó ti máa bù mu, nítorí fọ́tò. Títì tí wọ́n ń ṣí kò ṣí fún wa. Ọkọ̀ tó ń gbé òpó iná àti tó ń gbé aláìsàn ni wọ́n ń ṣí i fún. Máàpù kò kọ ìyẹn sára, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó yẹ kí n ti máa wá.

Ọ̀rọ̀ owó ilé tún fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Dọ́là 840 ni a san fún òru mẹ́rin. Iléeṣẹ́ tí a ti ipasẹ̀ wọn gba ilé náà kọ́kọ́ fèsì pé gbèdéke ìfagilé ti kọjá, ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ni gbèdéke ọ̀hún sì jẹ́, ìyẹn ọjọ́ tí omi gbé afárá màmá lọ gan-an. Lẹ́yìn lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní àwọn máa dá gbogbo owó náà padà. Ìgbà yẹn ni a wá mọ̀ pé inú owó tí wọ́n ti san fún màmá ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àbúrò wa, 280 dọ́là kì í ṣe ohun ìṣeré fún un, ó sì gba tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bínú sí i. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n fi tiwa ránṣẹ́ padà sí màmá. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìyẹn sí oore ńlá, torí ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi jà fún owó náà kí n tó mọ ẹni tí mò ń bá jà.

A ti gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́, nítorí náà a gbé ìrìn-àjò náà lọ sí apá Tennessee ní Great Smoky Mountains, níbi tí ìjì náà kò ti fi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́, tí àwọn oníṣòwò sì ń bẹ àlejò kí wọ́n wá. A rìn lọ sí Grotto Falls, tó ga ní 25 ẹsẹ̀ bàtà, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ sì gba ẹ̀yìn omi rẹ̀ kọjá. A pàdé ọ̀wọ́ llama, àwọn ìbátan ràkúnmí tí wọ́n fi ń ru ẹrù gba ọ̀nà yẹn lọ sí ilé àlejò orí òkè LeConte. Fọ́tò wọn ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí a yà. Omi fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn gbẹ kọjá ààlà ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tó fi jẹ́ pé òjò tó wó afárá ní apá kan òkè kò fi omi tó lè kún fọ́tò sílẹ̀ ní apá kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. A padà sílé pẹ̀lú káàdì kámẹ́rà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni a tó lọ sí North Carolina. Màmá ni wọ́n pè wá: wọ́n ti rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí ọ̀nà ilé wọn, wọ́n sì ní kí a wá sun òru mẹ́rin tí a jẹ wọ́n. Láti Tennessee, a gba títì I-40 tó tẹ̀ lé odò Pigeon. Odò náà ti jẹ abẹ́ títì tó lọ sí apá ìlà-oòrùn, apá tó kù ni wọ́n pín sí méjì láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, kí ọkọ̀ tó ń lọ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan, kí èyí tó ń bọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì, máìlì 35 ní wákàtí kan, láìsí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Àbúrò wa ló ń wakọ̀. Kò sí ẹni tó gbé kámẹ́rà sókè.

Linville Falls ṣì wà ní títìpa. Ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò níbẹ̀, odò ti gbé e lọ. Looking Glass ti ṣí, ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, omi rẹ̀ mọ́, a ya ohun tí gbogbo ènìyàn ń yà. Odò ẹ̀yìn ilé màmá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí máàpù kò fún lórúkọ, kò ga ju ènìyàn méjì lọ. Màmá ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé mi: òjìji igi ní gbogbo ọjọ́, kò sí oòrùn tààrà, òkúta tí ewé tútù bò ní iwájú, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé mo ti ṣìnà. Kò sí igi kankan mọ́ ní bèbè òsì. Oòrùn aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ń bọ́ sórí omi gbọ̀ọ̀rọ̀, ó funfun débi tí kámẹ́rà kò fi rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òkúta tí ewé tútù bò tẹ́lẹ̀ wà ní ìhòòhò, ojú ọgbẹ́ funfun wà lára rẹ̀ níbi tí òkúta mìíràn ti ń gbá a bó ṣe ń yí kọjá. Ìtì igi méjì há sáàárín àpáta méjì lókè, orí wọn ti bó bí egungun. Ẹ̀gbọ́n ní kí a má dúró sí abẹ́ wọn, bí ó ti wù kí ibẹ̀ dára tó fún fọ́tò, nítorí pé igi tí omi gbé há kò ní ìdí tó mú un dúró. Bí omi bá tún lé díẹ̀, ó lè tú.

Òjò ti rọ̀ ní alẹ́ àná, omi náà sì pọ́n bíi tíì. Fílítà tí mo máa ń fi pa dídán ojú omi mú kí ó pọ́n sí i ni, nítorí pé dídán yẹn ni ó ń bo ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Mo dán ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ìwé wò. Omi náà pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ di aṣọ funfun kan tí kò ní ìṣẹ́po. Mo dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, okùn omi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti ìwé mi bọ àpò. A jókòó de ìkùukùu títí di ọ̀sán kí oòrùn tó jẹ́ ká ráyè.

Nígbà tí ìkùukùu dé, mo rí òkúta pẹlẹbẹ kan nítòsí etí omi, ojú rẹ̀ tẹ́jú bíi pé wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, omi sì ń gba eteetí rẹ̀ ṣàn. Mo fi ṣe iwájú fọ́tò, mo yà á tó ogún, inú mi sì dùn. Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, mo sì fi ẹ̀yìn kámẹ́rà hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka kan òkúta náà, wọ́n ní àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ilé aládùúgbò àwọn ni, èyí tó wà lókè odò; orí rẹ̀ ni ìyàwó ilé náà máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Mo béèrè ibi tí ìyàwó náà wà báyìí. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sì ní padà.

Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà mi kúrò níbẹ̀, mo sún un ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí apá ọ̀tún, níbi tí òkúta náà kò ti wọ inú fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mú nínú iyanrìn. Màmá dúró tì wá títí a fi ṣe tán.